Ẹ̀fọ́ spinach: ìbéèrè tó ń padà wá lójoojúmọ́, àti ìdáhùn wọn

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dára?
Ewé tó dúdú dáadáa, tí kò rọ, tí igi rẹ̀ ń dá pẹ́kẹ́ bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Èyí tó ti pọ́n tàbí tó ń yọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ọ̀rá ló wà, ẹ yí ọ̀rá náà po, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni jíjẹrà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mo fọ̀ ọ́, síbẹ̀ yanrìn ń dún lẹ́nu mi.
Ẹ ri ewé náà sínú abọ́ omi ńlá, ẹ fọwọ́ rú u, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 kí yanrìn lè silẹ̀. Ẹ wá fọwọ́ kó ewé kúrò lójú omi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da gbogbo rẹ̀ sínú asẹ́: yanrìn tó ti silẹ̀ yóò tún dà lé ewé lórí. Ẹ máa pààrọ̀ omi títí ìsàlẹ̀ abọ́ yóò fi mọ́.

Kò pé ọjọ́ méjì tó fi jẹrà nínú fíríìjì.
Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, àbí? Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ ṣa ewé tó ti bàjẹ́ kúrò, ẹ fi tíṣù gbígbẹ wé ìyókù, ẹ kó o sínú ọ̀rá tí ẹ kò dì pa. Kí fíríìjì tutù dé 4°C tàbí kó dín. Ẹ gbé e jìnnà sí ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n, torí afẹ́fẹ́ ethylene tó ń jáde lára wọn máa ń mú kí ewé pọ́n. Èyí tó bá ti ń yọ̀, tó sì ń rùn, ẹ dà á nù.

Kí ló dé tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣú?
Ó pẹ́ jù lórí iná, tàbí ẹ ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ohun kíkan ló ń ba àwọ̀ ewé jẹ́. Ẹ ṣí ìkòkò sílẹ̀, ẹ fi ọsàn di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun. Baking soda máa ń dá àwọ̀ náà dúró lóòótọ́, àmọ́ ó ń sọ ewé di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Mo fi sínú ọbẹ̀, ọbẹ̀ wá ṣomi.
Èyí ni ẹjọ́ tó pọ̀ jù. Ọbẹ̀ ti ki tẹ́lẹ̀, ẹ da ẹ̀fọ́ sí i, kò pẹ́ tí omi fi bo ojú rẹ̀. Ẹ wá rò pé ọbẹ̀ ni kò jinná tó, ẹ tún fi iná sí i, ẹ̀fọ́ sè jù, omi tún pọ̀ sí i. Ọbẹ̀ kọ́ ló jẹ̀bi. Omi lé ní 90 nínú 100 ewé yìí. Iná ń tú u sílẹ̀, iyọ̀ náà ń fà á jáde. Ó gbọ́dọ̀ jáde dandan, nítorí náà ẹ jẹ́ kó jáde kí ẹ̀fọ́ tó dé inú ọbẹ̀.

Fún ẹ̀fọ́ 500 gíráàmù, ẹ gbé omi bíi lítà 4 kaná, kó hó yaya kí ẹ tó da ewé sí i. Ìṣẹ́jú 1 ti tó. Ẹ kó o sínú omi yìnyín lójú ẹsẹ̀, torí ooru ara rẹ̀ ṣì ń sè é. Bó bá ti tutù, ẹ máa bu ìwọ̀n tí àtẹ́lẹwọ́ yín lè pa mọ́, kí ẹ fún un. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n á fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó ti gbẹ. Ẹ gbé ìṣù ẹ̀fọ́ náà sórí pákó, ẹ rẹ́ ẹ, ẹ ó rí i pé pákó tún rin gbindin. Ọ̀bẹ ti la ibi tí omi sá pamọ́ sí. Ẹ kó o sínú aṣọ tó mọ́, ẹ lọ́ ọ, ẹ tún un fún títí tí kò fi ní kán mọ́. Ohun tó máa ṣẹ́kù kò ní ju nǹkan bí ife kan lọ. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ dáadáa, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 2, ẹ má sì dé e.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ dín in ni, ẹ lo páànù fífẹ̀, iná tó le àti ewé tó gbẹ, kí ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ewé bá kún páànù, oru ara wọn ni yóò bọ̀ wọ́n. Iyọ̀ ni kí ẹ fi kẹ́yìn.

Eyín mi ń ṣe bí ẹni jẹ ẹfun.
Oxalic acid, èròjà kíkan kan tó wà nínú ewé náà, ló fà á. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí ẹ da omi náà nù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá omi lọ. Ẹni tí òkúta ti wà nínú kíndìnrín rẹ̀ rí gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ léèrè ìwọ̀n tó lè jẹ. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, náà ńkọ́? Fítámì K pọ̀ nínú ewé yìí, ó sì ń dín agbára oògùn náà kù, nítorí náà kó má ṣe ṣàdéédéé fi kún ìwọ̀n tó ń jẹ tàbí kó dín in kù kó tó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.