Ìbọn ńlá tó ń fọ́n ọta káàkiri

Ẹ̀yin ọdẹ wa, bí ìbọn ńlá (ráífù) bá ń ṣìnà, ẹ má tíì ra ọta mìíràn. Ẹ yọ tinú rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì pé ó ṣófo, kẹ́ ẹ de síkúrù tó so irin tí ọta ń gbà jáde mọ́ igi ìbọn àti èyí tó di awò tẹ́ ẹ fi ń wo ẹran mú. Gbígbá tó ń gbáni léjìká ló ń tú wọn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa owó bébà kan gba àárín irin àti igi, láti ẹnu ìbọn bọ̀ sẹ́yìn. Ibi tó bá ti há, ó ṣeé ṣe kí igi ti wú kan irin níbẹ̀. Ọ̀rinrin igbó Ìjẹ̀bú lásìkò òjò kì í fi igi sílẹ̀! Àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àwọn ìbọn kan kí igi kan irin níwájú, torí náà ẹ má fá a fúnra yín, alágbẹ̀dẹ ìbọn ni kẹ́ ẹ gbé e fún.