Bí a ṣe ń fi ooru yẹ irin inú ẹ̀rọ fusion wò

Ní Cadarache, lápá gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni orílẹ̀-èdè tó ju 30 lọ ti pawọ́ pọ̀ ń kọ́ ITER, ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi máa so háídírójìn pọ̀ kí agbára lè jáde níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní divertor, ni ooru máa pọ̀ sí jù. Ibi tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, á máa gba mẹ́gáwáàtì 10, ó sì lè di 20 fún ìgbà díẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan tó ń jó wa lágbárí kò ju nǹkan bíi kílówáàtì kan lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún kílówáàtì ló wà nínú mẹ́gáwáàtì kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín dáadáa. Búlọ́ọ̀kù kéékèèké tí wọ́n fi tungsten, irin líle kan, ṣe fún divertor ni, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju bíi mìlímítà 28 lọ. Wọ́n lu ihò sí wọn láàárín, wọ́n to bíi mélòó kan sórí páìpù bàbà kan tí omi máa gbà kọjá, wọ́n sì fi bàbà rírọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so wọ́n mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí tungsten má yọ́ ni gbogbo wàhálà náà. Rárá o. Ó dìgbà tí ooru bá tó 3,422 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́. Ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí bàbà bá gbóná, ó máa ń wú ju ìlọ́po mẹ́ta ti tungsten lọ, nítorí náà gbogbo ìgbà tí iná bá dé, tó sì lọ, ni wọ́n ń bá ara wọn fà á.

Kí iná tó dé rárá, ẹ ti ọ̀pá ultrasound, ìyẹn ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́, bọ inú páìpù, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìró rẹ̀ bá ti padà lọ́nà tó yàtọ̀, àlàfo wà níbẹ̀. Ẹ yà á sórí ìwé. Tẹ́ ẹ bá fo èyí, tí búlọ́ọ̀kù wá sán, ẹ ò ní mọ̀ bóyá iná ló fà á àbí bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ilé iṣẹ́.

Ẹ dè é mọ́ inú àgbá ìdánwò, kí ẹ fa gbogbo afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ ṣí omi kí ẹ tó tan iná, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ débi pé bí omi bá já, iná á kú fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìkánjú pa ètò yẹn: láìsí omi, páìpù ò ní pẹ́ bàjẹ́.

Ní Garching, nítòsí Munich, ìtànṣán háídírójìn ni iná náà, òun ni ẹ̀rọ ìdánwò GLADIS ń yìn lu irin. Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Efremov ní St Petersburg, elétírọ́ọ̀nù ni. Tungsten máa ń ta púpọ̀ nínú agbára elétírọ́ọ̀nù padà, torí náà ohun tí mítà ẹ̀rọ ń kà kọ́ ni irin ń gbà. Omi ni kí ẹ bi. Ká ní ìdajì kílò omi ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó wọlé ní 70, tó jáde ní 80. Kí kílò omi kan tó fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, ó gba kílójúùlù 4.2, nítorí náà ìdajì lọ́nà 4.2 lọ́nà 10 jẹ́ kílówáàtì 21. Bí ibi tí iná ń bà bá fẹ̀ ní mìlímítà 28, tó gùn ní 75, tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ sí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, mẹ́gáwáàtì 10 yẹn lẹ wà gẹ́lẹ́.

Ẹ fi iná kékeré bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Tó bá dúró, àyípo ló kù: iná fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ìsinmi fún 10, lọ́nà 5,000 ní mẹ́gáwáàtì 10, lẹ́yìn náà lọ́nà 300 ní 20. Iṣẹ́ tó ń súni ni, àmọ́ ẹ má gbójú kúrò lára kámẹ́rà tó ń wo ooru. Kì í ṣe bó ṣe gbóná tó lẹ ń wá, bí kò ṣe ìyípadà. Bí búlọ́ọ̀kù kan bá ń gbóná ju àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, tí ẹ ò sì fi kún iná, ìsopọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí.

Níkẹyìn, ẹ tún fi ultrasound yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ gé e sí méjì, kí ẹ dán ojú rẹ̀, kí ẹ gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Lẹ́yìn mẹ́gáwáàtì 20, ẹ lè rí ibi tó sán láti òkè títí dé ìtòsí bàbà. Ó máa ń ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó ń bá ọ̀nà tí ooru ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ ni, kò dí i. Èyí tó bá dùbúlẹ̀ sójú ìsopọ̀, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, ló ń dínà ooru mọ́ omi, òun sì ni wọ́n máa ń torí ẹ̀ kọ búlọ́ọ̀kù.