Rúbáàbù Tí Mo Gbìn Bí Iṣu, Àti Àwọn Méjì Tó Padà Hù

Rúbáàbù àkọ́kọ́ tí mo ní, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á. Mo gbìn ín bí ẹni ń gbin iṣu.

Apá gúúsù Leeds, ní ilẹ̀ England, ni ilé wa wà. Morley ò jìnnà sí wa, Wakefield náà ò ju ìrìn mọ́tò kékeré lọ. Àárín àwọn ìlú yìí ni òyìnbó ń pè ní Rhubarb Triangle, torí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń fi rhubarb jẹun. Èmi ń pè é ní rúbáàbù. Ẹni tí kò bá rí i rí, kó rántí ewé kókò: ewé tó fẹ̀ bí ìyẹn, tó wá dúró lórí ọ̀pá pupa. Ọ̀pá yẹn ni jíjẹ. Kíkan rẹ̀ ju ti ìṣápá lọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ṣúgà sè é. Ewé rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ rárá. N óò padà sórí ìyẹn.

Oṣù Kọkànlá 2018 ni mo ra orí rúbáàbù kan níbi tí wọ́n ti ń ta irúgbìn. Nígbà tí mo tú u nínú ọ̀rá, inú mi dùn, torí ó jọ ohun tí mo mọ̀. Ó dúdú, ó rí kókokòko, gbòǹgbò rẹ̀ nípọn bí ìka, ojú pupa kékeré kan sì ń yọ lórí rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, Ṣakí ni bàbá mi ti gbin iṣu. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbé irú nǹkan yẹn lé mi lọ́wọ́ tí ọkàn mi ò ní lọ sí orí iṣu. Mo gbẹ́ ilẹ̀ jìn, mo ri í mọ́lẹ̀, mo kọ ebè lé e lórí, mo tún fi ewé gbígbẹ bo ebè náà bí a ṣe ń ṣe nílé, kí oòrùn má baà jó irúgbìn. Oòrùn wo, ní Leeds, nínú oṣù Kọkànlá?

Òjò ló rọ̀ lé e lórí. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin, rúbáàbù bàbá òyìnbó tó ń gbé ilé kejì ti dé orúnkún, tèmi ò mí. Mo fi ọwọ́ tú ilẹ̀ wò. Ìka mi wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tó wọ ẹ̀kọ, òórùn tó sì jáde dà bí ti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n gbàgbé. Mo gbé e han bàbá yẹn láti orí ọgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ṣé òkú ni mo rò pé mò ń sin ni.

Àwọn ni wọ́n là mí lọ́yẹ̀. Òtútù kì í pa rúbáàbù, omi tó bá dúró sí i lórí ló ń jẹ ẹ́ rà. Òtútù gan-an ló fẹ́: ilẹ̀ olótùútù bíi Siberia làwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, bí òtútù ò bá sì mú un dáadáa nígbà tó ń sùn, kì í jí tagbáratagbára. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn ti ní kí n fi orí kan ránṣẹ́ sáwọn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbin ìṣápá.

Ní oṣù Kọkànlá 2019, mo tún bẹ̀rẹ̀. Orí méjì ni mo rà lọ́tẹ̀ yìí, irú rúbáàbù tí wọ́n ń pè ní Timperley Early, torí ó máa ń tètè yọ ju àwọn yòókù lọ. Mo gbẹ́ ihò kékeré síbi tí oòrùn ń dé, mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sí i, mo wọlé lọ se tíì. Nígbà tí mo padà dé, omi ti fà. Ibẹ̀ ni mo mú. Mo fi ṣọ́bìrì tú ilẹ̀ náà dáadáa, mo ṣa gbogbo gbòǹgbò koríko kúrò, torí rúbáàbù lè lo ọdún mẹ́wàá lójú kan, ẹ ò sì ní ráyè ro ibẹ̀ dáadáa mọ́. Mo po ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà pátápátá mọ́ ilẹ̀. Mo wá gbé orí kọ̀ọ̀kan sí i tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ yọ síta ní ìwọ̀n bí èékánná. Mo fi àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà sáàárín àwọn méjèèjì. Ó dà bíi pé àyè yẹn ti pọ̀ jù, àfìgbà tí ewé dé. Ìyókù ìgbẹ́ ẹṣin ni mo tò yí wọn ká, ṣùgbọ́n n ò jẹ́ kó kan orí wọn, bí ìgbà téèyàn wé gèlè tó fi àtàrí sílẹ̀ gbayawu.

Ọdún kòrónà ni 2020, gbogbo wa há mọ́lé, àwọn ìbejì mi ń wo rúbáàbù láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pá yọ, ó pọ́n, ó sanra. N ò fọwọ́ kàn án. Ibi tó ti le jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn, ó ju ilẹ̀ gbígbẹ́ lọ. Ewé ọdún àkọ́kọ́ ló ń bọ́ gbòǹgbò. Ẹni tó bá já a, gbòǹgbò ló já jẹ. Ohun kan ṣoṣo tí mo gé ni ọ̀pá òdòdó tó yọ sáàárín nínú oṣù Karùn-ún. Ó nípọn, ó ga, orí rẹ̀ rí wúlukùtù. Mo gé e nídìí, torí okun tó yẹ kó lọ sí gbòǹgbò ni òdòdó ń gbé lọ.

Ní 2021, mo jẹ díẹ̀. Ẹ má mú ọ̀bẹ dání o. Ẹ di ọ̀pá náà mú nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ ti àtàǹpàkò bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ wá fà á. Yóò dún “pọ́”, ìdí rẹ̀ yóò sì jáde tòun ti awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e, kùkùté tó kù ló máa jẹrà, ìjẹrà á sì wọ inú orí. N kì í mú ju ọ̀pá kan nínú mẹ́ta lọ, tí oṣù Kẹfà bá sì ti parí, mo fi í sílẹ̀ kó sinmi.

Ẹ̀ẹ̀rùn 2022 fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Keje lọ́dún náà ni ooru kọjá ogójì ìwọ̀n Celsius ní ilẹ̀ England, irú èyí tí wọn ò rí rí. Ewé rúbáàbù mi dà sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nínú oṣù Kẹjọ, wọ́n tún fòfin de fífi rọ́bà bomi rin ọgbà. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì ni mo ń gbé lọ fún un lálaalẹ́, pẹ̀lú èyí tí àwọn ọmọ fi wẹ ẹsẹ̀. Ó yè é.

Nínú oṣù Karùn-ún 2023, Màámi wá kí wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ̀kalẹ̀ wá sí ilé ìdáná, mo bá wọn tí wọ́n ti tẹ́ ewé rúbáàbù sórí tábìlì, wọ́n ti ká a bí ẹ̀fọ́, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ wọn, ata ti ń hó lórí iná.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́ ẹ! Májèlé ni.”

“Ìyá Ìbejì, ewé tó dán tó báyìí?”

Mo ṣàlàyé pé ásíìdì kan tó ń jẹ́ oxalic acid pọ̀ nínú ewé náà, pé kíndìnrín ló ń bà jẹ́, pé nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn òyìnbó fúnra wọn gbìyànjú láti jẹ ẹ́ nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ, àwọn kan sì bá a lọ. Mo kó ewé náà, mo lọ dà á sórí ààtàn ajílẹ̀ wa. Màámi tẹ̀ lé mi.

“O ní májèlé ni, o wá ń dà á síbi tí o ti ń bu ajílẹ̀ sídìí tòmátì?”

Mo ní tó bá ti jẹrà, ásíìdì náà á ti tán nínú rẹ̀. Òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n Màámi ò jẹ tòmátì mi títí wọ́n fi padà lọ sílé. Ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn: mo gé e wẹ́wẹ́, mo sè é pẹ̀lú ṣúgà àti atalẹ̀, wọ́n ń fi jẹ búrẹ́dì.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ Wakefield mọ̀ ọ́n ṣe jù ni mo dán wò kẹ́yìn. Wọ́n máa ń gbé orí tó ti dàgbà wọ inú ahéré tó ṣókùnkùn biribiri nígbà òtútù, iná àbẹ́là ni wọ́n fi ń kórè, torí ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án. Ní 2010, wọ́n fi òfin Yúróòpù dáàbò bo orúkọ rúbáàbù inú òkùnkùn ti Yorkshire, agbègbè wa yìí, kí àwọn ará ibòmíràn má baà lò ó. Èmi ò ní ahéré. Nínú oṣù Kìíní 2024, mo da garawa dúdú tí a fi ń kó ìdọ̀tí dé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, mo gbé òkúta lé e.

Nígbà tí mo ṣí i nínú oṣù Kẹta, ọ̀pá inú rẹ̀ gùn tínrín, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ahọ́n ọmọ ọwọ́, ewé orí rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó pọ́n bí òròmọdìyẹ. Ó rọ̀, kò kan tó ti ìta, torí ohun tí gbòǹgbò ti tò pamọ́ ló sọ di ṣúgà tó fi ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Àmọ́ ó ná an lókun. N ò mú ọ̀pá kankan lára ìyẹn fún ọdún méjì lẹ́yìn náà, èkejì rẹ̀ ló ń bọ́ wa.

Màámi ṣì máa ń bèèrè lórí fóònù tí òtútù bá ti ń ká lọ: “Ewé burúkú yẹn ńkọ́, ó ti yọjú?”

Mo ní ó ti yọjú, Màá.

“Ẹ má fi se ẹ̀fọ́ o.”