Òkúta Wúrà Kò Gbọdọ̀ Wọ Ẹ̀rọ Ìlọta: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Agbègbè Iléṣà

Ẹni tó ń dá oko kòkó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀, a kò ní í kọ́ ọ. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, títí dé ìhà Ifẹ̀wàrà, àwọn èèyàn ṣì ń ru òkúta wúrà wọlé. Wọ́n ń fọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gún un nínú odó, èyí tí apá kò bá ká, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Ẹ̀rọ tó lọ òkúta lálẹ́ ni wọ́n tún fi ń lọ ọ̀gì láàárọ̀. Tí a bá bá wọn wí, wọ́n á ní àwọn ti fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ kì í ṣe àwo ọbẹ̀. Eruku tó ti há sínú ojú irin tó ń lọ nǹkan, ọṣẹ àti omi kò lè yọ ọ́.

Gbogbo ohun tí ẹ ó kà nísàlẹ̀ nípa bí a ṣe ń wá wúrà, nítorí àṣìṣe kan yìí la ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ òkúta dán wò ní oko kò ní rí ìdí tí yóò fi gbé e wálé.

Ohun tó wà nínú òkúta náà

Oríṣi méjì ni wúrà tó wà lágbègbè wa. Ti Ìtagunmodi àti Igun, inú òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn etí odò ló wà; ó ti já kúrò lára ìyá rẹ̀ láti ayébáyé. Ti Ìpérìndó, inú iṣan òkúta funfun tó gba àárín àpáta kọjá ló wà. Òkúta funfun líle yìí ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní quartz. Wúrà kì í dá gbé inú iṣan bẹ́ẹ̀. Ẹ ó bá páíráìtì níbẹ̀, òkúta tó ń dán bíi wúrà tó sì ń tan ojú jẹ, ẹ ó bá ohun tó ní bàbà nínú, ẹ ó sì bá gàlénà díẹ̀, èyí tí òjé (lead), irin olóró, ti ń jáde. Òjé yìí ni ẹ̀rọ ìlọta ń sọ di eruku.

Ní ọdún 2010, ọmọdé tó lé ní 400 ló kú ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni àwọn òbí wọn fi lọ òkúta wúrà tó ní òjé, nínú agbo ilé, ní gbígbẹ. Ní 2015 ó tún ṣẹlẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, ní ìpínlẹ̀ Niger, ọmọ 28 ló bá a lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé òkè ọya nìyẹn, pé òkúta tiwa yàtọ̀. Lóòótọ́, òjé inú òkúta Zamfara pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ iye tó wà nínú èyí tó mú lọ́wọ́. Eruku quartz fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní òjé rárá, ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àìsàn náà kò ní oògùn, ó sì máa ń ṣínà fún ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Kí dígà tó kan ilẹ̀

Ìjọba àpapọ̀ ló ni wúrà inú ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 ṣe là á kalẹ̀. Ìwé ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Mining Cadastre Office ló ń fúnni níwèé àṣẹ. Ìwé àṣẹ ìwakùsà kékeré kì í kọjá kìlómítà 3 níbùú lóròó. Ó máa ń rọrùn fún àwọn tó bá kóra jọ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí ẹlòmíràn bá sì gba àṣẹ lórí oko yín, owó gbà-má-bínú tọ́ sí yín lórí kòkó àti ọ̀pẹ tó bà jẹ́. Ẹ ka igi yín kí wọ́n tó wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti hú u tán, ta ni yóò jẹ́rìí sí i pé igi wà níbẹ̀ rí?

Inú odò ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀

Iyanrìn orí tó mọ́ rederede kò ní nǹkan nínú. Ẹ gbẹ́ ẹ kọjá títí ẹ ó fi kan òkúta wẹ́wẹ́ tó jókòó lórí amọ̀ líle tàbí lórí àpáta, kí ẹ sì ha ínǹṣì 2 mọ́ ọn nínú amọ̀ náà, nítorí wúrà wúwo, ó máa ń rì títí yóò fi rí ohun tó dá a dúró. Níbi tí odò bá ti tẹ̀, ìhà inú, níbi tí omi ti ń rọra lọ, ni ẹ ti máa bù ú. Tàbí ẹ̀yìn òkúta ńlá, ní ìhà ìsàlẹ̀ omi. Bí kòtò bá ti jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní dídà sẹ́yìn. Ilẹ̀ tó ti mu omi òjò kì í sọ fúnni kó tó ya lulẹ̀.

Garawa lítà 10 kan ni ìwọ̀n fún ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dín in, ẹ má fi kún un, nítorí iye tí ẹ bá kà kò ní wúlò mọ́ tí garawa kò bá dọ́gba. Igbá fífẹ̀ tí kò jìn ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, tàbí páànù tí ẹnu rẹ̀ tó ínǹṣì 15. Ẹ bu iyanrìn náà sí i dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ rì í bọ omi, ẹ fi ọwọ́ po amọ̀ rẹ̀ títí yóò fi yọ́, ẹ ṣan àwọn òkúta ńlá kí ẹ tó dà wọ́n nù. Lẹ́yìn náà ẹ mi igbá náà sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ omi, ní títẹ́jú, ní nǹkan bí ìgbà 30, kí ẹ tó dà á tì díẹ̀ kí omi gbé ti òkè lọ. Ẹ tún mì ín, ẹ tún dà á tì. Ibi tí àwọn tó ń kánjú ti ń pàdánù wúrà nìyí: wọ́n ń dà á tì ṣáá, wọn kì í mì ín. Nígbà tó bá ku bíi ṣíbí ọbẹ̀ kan, iyanrìn dúdú ni ẹ ó rí. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ rọra yí i po lẹ́ẹ̀kan péré; iyanrìn dúdú á sún síwájú, wúrà á kù sẹ́yìn lẹ́bàá rẹ̀ bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ ka ẹyọ tí ojú bá lè rí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ibi tí ẹ ti bù ú. Ẹ lọ sókè odò ní mítà 50, kí ẹ tún ṣe é. Níbi tí iye náà bá ti ń pọ̀ sí i, ẹ máa bá a lọ. Níbi tí ó bá ti já sí òfo lójijì, ẹ dúró. Ẹ̀gbẹ́ òkè kan nítòsí ibẹ̀ ni wúrà náà ti ń wọ odò. Ẹyọ tó bá tẹ́ pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ ti kúnná, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Èyí tó ṣe ṣágiṣàgi tí òkúta funfun ṣì lẹ̀ mọ́ lára, ìyá rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ wá kúrò nínú odò, kí ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn dé orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà, mítà 10 sí ara wọn, kí ẹ bu garawa kọ̀ọ̀kan wá sí omi.

Bí a ṣe ń dán òkúta wò láìlọ̀ ọ́n

Òkúta tó funfun nini tí kò ní àbàwọ́n, kì í sábàá sí nǹkan nínú rẹ̀, bó ti wù kó dán tó. Èyí tí ẹ fẹ́ ni èyí tó ní àwọ̀ irin tó dógùn-ún, tó ní ihò wẹ́wẹ́ níbi tí páíráìtì ti jẹrà kúrò. Ẹ fi òòlù fọ́ ọ ní oko, kí ẹ wọ gíláàsì ojú, kí ẹ sì da omi sí i kí ẹ tó lù ú.

Ẹ gbé ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là sínú oòrùn, lẹ́yìn náà ẹ gbé e sábẹ́ òjìji. Wúrà kì í yí àwọ̀ padà. Páíráìtì àti máíkà, òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán, á kọ mànà bí ẹ bá ń yí i, tí ẹ bá dé òjìji wọ́n á kú. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́: wúrà á tẹ̀ wọ inú, páíráìtì á rún, máíkà á bó. Bí ẹ bá rí ègé táìlì, ẹ fi òkúta náà họ ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò dán. Ìlà wúrà á pọ́n bíi ti wúrà gan-an, ti páíráìtì á dúdú pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Kò sí èyí tó nílò ẹ̀rọ nínú ìwọ̀nyí.

Òkúta tí wúrà bá hàn lára rẹ̀ kedere, ẹ má ṣe fọ́ ọ mọ́. Àwọn tó ń kó irú òkúta bẹ́ẹ̀ jọ máa ń rà á ju iye wúrà inú rẹ̀ lọ, bó bá ṣì wà lódindi. Ẹ sì lè mọ iye wúrà tó wà nínú rẹ̀ láìfọ́ ọ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì kí afẹ́fẹ́ inú ihò rẹ̀ jáde, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó kọ́ ìwọ̀n, kí ẹ jẹ́ kó rì sínú omi láìfara kan ìsàlẹ̀ garawa, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ fi 3.07 sọ iye ti inú omi di púpọ̀, kí ẹ fi 1.91 sọ iye ti ìta di púpọ̀, kí ẹ wá yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní. Bí òkúta bá jẹ́ gíráàmù 200 níta, tó jẹ́ 128 nínú omi, 392.96 ni ìkíní, 382 ni ìkejì: wúrà inú rẹ̀ tó gíráàmù 11. Ìṣirò yìí ń parọ́ tí páíráìtì tàbí gàlénà bá pọ̀ nínú òkúta náà, nítorí àwọn náà wúwo. Síbẹ̀ ó sàn ju fífi ojú díwọ̀n lọ, èyí tí kò yẹ ọmọ òṣómàáló rárá.

Bó bá di dandan kí ẹ gún un

Ibi tí ẹ ó ti gún un gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé àti kànga tó mítà 500. Ẹ má lo odó igi, ẹ má lo ọlọ. Kí wẹ́dà gé páìpù irin tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 4, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kó jo irin nínípọn mọ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀pá irin ínǹṣì 2 ni ọmọ odó. Kílò 2 lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ẹ bu omi ìdajì lítà sí i kí irin tó kan òkúta, kí ẹ sì máa fi kún un bó bá ti ń gbẹ. Àwọn kan ń fi aṣọ di imú, wọ́n ń gún un ní gbígbẹ. Eruku tó ń pani kéré ju ojú aṣọ lọ, omi ló ń dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sun òkúta náà níná kó lè rọ̀. Èéfín tó ń jáde lára páíráìtì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú.

Lẹ́yìn tó bá kúnná, inú bàsíà ni kí ẹ ti ṣàn án, kì í ṣe inú odò. Ẹ da omi rẹ̀ sínú kòtò tí ẹ ti tẹ́ tapólì sí, mítà 50 sí odò ó kéré tán. Ẹ fi òòfà tí ẹ fi nylon wé fa iyanrìn dúdú kúrò, kí ẹ kó ìyókù lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà tó ń fi bórásì, ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ kí wúrà tètè yọ́, yọ́ ọ. Ẹ má ra mẹ́kúrì, irin olómi tí àwọn kan fi ń kó wúrà jọ. Èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ìyá tó sì ń sun ún nínú ìkòkò ilé ìdáná ń fún gbogbo ilé jẹ. Nàìjíríà ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, ní 2018, sísun ún láàárín ilé wà lára ohun tí àdéhùn náà fẹ́ kó kásẹ̀ nílẹ̀. Iyanrìn tó ṣẹ́kù, ẹ bò ó mọ́lẹ̀. A ti rí ibi tí wọ́n fi mọ búlọ́ọ̀kù.

Ẹ kun gbogbo ohun èlò yìí, asẹ́, bàsíà, ṣíbí, ní ọ̀dà pupa, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gbé wọn wọ ilé ìdáná. Aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bá yín délé. Ẹ wẹ̀, ẹ pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ tó gbé ọmọ mọ́ra. Aboyún àti ọmọdé kò ní iṣẹ́ kankan ṣe níbẹ̀, ìbáà ṣe òkúta rírù lásán.

Tí òkúta bá ti wọ ilé rí

Ọmọ tí inú ń run, tó ń bì, tó ń sùn ṣáá, tó wá ní gìrì láìsí ibà, ẹ má fi àgbo gìrì dá a dúró sílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún dókítà pé òkúta wúrà ti wọ ilé yín, nítorí bí ẹ kò bá sọ ọ́, ibà ni wọ́n máa tọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ òjé wò, oògùn tó ń fà á jáde sì wà. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò ní ṣiṣẹ́ fún ọmọ tó bá tún padà sórí ilẹ̀ tí eruku wà. Kó tó dé, ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, ẹ ha ínǹṣì 2 kúrò lórí ilẹ̀ agbo ilé níbi tí wọ́n ti gún un, kí ẹ bò ó mọ́ kòtò jíjìn lẹ́yìn ìlú, kí ẹ sì da erùpẹ̀ tuntun tó nípọn tó ínǹṣì 3 sí ojú ibi tí ẹ ti ha á nínú agbo ilé. Odó àti ẹ̀rọ tó ti jẹ òkúta, ẹ kùn wọ́n ní pupa mọ́ àwọn tòókù, kí wọ́n lọ máa gbé oko.