Bí làkúrègbé orúnkún bá tún gbé ìjà dé: bí a ṣe ń dín eré ìdárayá kù

Ẹ má jókòó tì í. Bí orúnkún bá sinmi jù, iṣan iwájú itan tó ń gbé e ró á rọ, ìrora á sì lé sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá tún dìde. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá pupa, tó gbóná, tí ibà sì wà ńbẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ò gbà kí ẹ dúró lé e, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ fún ìrora ní máàkì, láti òdo dé 10. Bí kò bá kọjá 3, ẹ ṣe bí ẹ ti ń ṣe. Bó bá jẹ́ 4 tàbí 5, ẹ gé e sí méjì: ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 30 yípo pápá ní Surulere, kó rìn 15, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bó bá ti di 6, ẹ fi ìrìn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ ti ṣe eléyìí:

Ẹ na ẹsẹ̀, ẹ ká táwẹ̀lì kékeré sábẹ́ orúnkún. Ẹ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí iṣan itan á fi le, ẹ kà dé 5, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn kan máa ń sé èémí. Ẹ kà á sókè ketekete, ẹ ò ní lè sé e.

Bó bá wú, ẹ fi aṣọ wé pure water tó ti dì, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15. (Bí kò bá síná, ẹ ra yìnyín ládùúgbò.) Ẹ má jẹ́ kó kan ara lásán, á jó awọ. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, kó má dán an wò.

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wá ńkọ́, irú ti Ojota? Ẹsẹ̀ tó dáa ni kó kọ́kọ́ gòkè, èyí tó ń dùn ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, torí ẹsẹ̀ tó kù lókè ló ń tẹ̀, tó ń rọra gbé gbogbo ara sílẹ̀. Ẹ di irin mú. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn la fi ń mú ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í mú. Ẹ má sì torí àtẹ̀gùn sáré la títì kọjá o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún fún un ní máàkì. Bó bá lé ju ti àná lọ, ti àná ti pọ̀ jù, ẹ tún dín in kù. Bí kò bá lé fún ọjọ́ méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kún un. Ọjọ́ tí ara bá yá gágá gan-an ni ọ̀pọ̀ ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n á fò padà sí 30 lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá fi máa di ọ̀la, orúnkún ti wú.