Ẹ Má Kàn Sáré Ra Ìwé Ogun Biafra: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Wa

Ìwé tí mo kọ́kọ́ fowó ara mi rà lórí ogun abẹ́lé Nàìjíríà, fotokópì ni. Abẹ́ bíríìjì kan n'Ìbàdàn ni mo ti rí i, iwájú ẹ̀ ń dán gbinrin, fọ́tò ṣọ́jà tó gbé ìbọn kọ́ èjìká ló wà níbẹ̀, mo ná an títí, ọkùnrin yẹn ò já kọ́bọ̀ kan, mo bá sanwó. Ìgbà tí mo ka ìwé dé ìlàjì ni òǹkọ̀wé wá ní kí n wo máàpù. Máàpù wo? Ojú ewé tó dúdú bí kóró iṣin ni mo bá níbẹ̀, odò ò yàtọ̀ sí títì, títì ò yàtọ̀ sí igbó, ewé mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Látìgbà yẹn, mi ò kì í sanwó ìwé ogun láì kọ́kọ́ ṣí àárín ẹ̀ wò, máàpù ni mo sì máa ń wò ṣáájú ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ n fi Onitsha ṣàlàyé ìdí. Oṣù kẹwàá 1967, Murtala Muhammed, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀, àti àwọn ọmọ ogun ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dífíṣọ̀n 2 ti dé Asaba, Onitsha wà ní òdìkejì Odò Ọya, wọ́n ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán báyìí. Àwọn Biafra ti fọ́ afárá kí wọ́n tó kúrò. Murtala ní ojú omi lòun máa gbà, ó gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbìyànjú ẹ̀, omi gbé lára wọn, ìbọn pa lára wọn, kò bọ́ sí i. Ìgbà tó yá ló wá gba òkè lọ, wọ́n sọdá níbi Idah, wọ́n wá fi ẹsẹ̀ gba orí ilẹ̀ bọ̀, oṣù kẹta 1968 ni wọ́n tó wọ Onitsha. Kò pé rárá, 31 oṣù kẹta yẹn kan náà, ọ̀wọ́ ọkọ̀ Dífíṣọ̀n 2 tó ń bọ̀ láti apá Enugu kó sọ́wọ́ Biafra ní Abagana, ọkọ̀ tánkà gbiná, iná ran èyí tó kù. Téèyàn ò bá rí ibi tí odò gbà àti ibi tí títì gbà, gbogbo ohun tí mo kọ yìí á kàn dà bí àlọ́ lójú ẹ̀, kò ní mọ ìdí tó fi gba Murtala ní oṣù márùn-ún láti débi tó ń fojú rí. Ìwé ogun tí ò ní máàpù, ẹ dá a padà sórí tábìlì.

Àṣìṣe tó burú jù ni ká rí orúkọ ọ̀gágun lẹ́yìn ìwé, ká sì rò pé ìtàn ogun la ti rà tán. Àwọn ọ̀gágun kọ̀wé gan-an lórí ogun yìí, kò sì burú, àwọn ni wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun tó bá jókòó kọ̀wé, ẹjọ́ ara ẹ̀ ló ń rò. Ẹ wo My Command tí Ọbásanjọ́ kọ, 1980 ló jáde. Ìwé yẹn dáa, ó rọrùn kà, mo ṣì máa ń ṣí i wò. Àmọ́ oṣù karùn-ún 1969 ló gba 3 Marine Commando, ọ̀wọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kan, lọ́wọ́ Benjamin Adékúnlé, Port Harcourt sì ti pé ọdún kan lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà yẹn. Bonny, Calabar, Port Harcourt, abẹ́ Adékúnlé ni wọ́n ti gbà wọ́n. Alabi-Isama tó bá Adékúnlé ṣiṣẹ́ lójú ogun gbé ìwé tiẹ̀ jáde ní 2013, The Tragedy of Victory, ìwé ńlá tó kún fún fọ́tò àti máàpù, ó sì ta ko Ọbásanjọ́ gidi gan-an nínú ẹ̀. Ta ló jàre? Ẹ ka méjèèjì ná. Kí ẹ wá fi ti Alexander Madiebo kún un, òun ni olórí ọmọ ogun Biafra, ọdún 1980 yẹn náà ni tiẹ̀ jáde, The Nigerian Revolution and the Biafran War. Agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà, àwọn baba wa ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Àwa Yorùbá náà tún ní tiwa o. A máa ń wá ìwé tí "ọmọ wa" kọ, tó máa sọ bí a ṣe lé ṣọ́jà Biafra padà. Gbogbo wa la máa ń pariwo "ó le kú, ìjà Ore", ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń sọ ọ́ pé ta ló kó ṣọ́jà Biafra bọ̀ nígbà yẹn, ẹnu á wọ̀ ọ́. Victor Bánjọ ni, Yorùbá bíi tiwa. 9 oṣù kẹjọ 1967 ni wọ́n sọdá Odò Ọya wọ Mid-West, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, wọ́n bọ̀ títí dé Ore. Nígbà tó fi máa di 20 oṣù kẹsàn-án, ìjọba àpapọ̀ ti gba Benin padà, oṣù kẹsàn-án yẹn náà sì ni wọ́n yìnbọn pa Bánjọ ní Enugu, Biafra tó ń jà fún ló pa á, wọ́n ní ó ń dìtẹ̀ mọ́ Ojukwu, olórí Biafra. Ìwé tó bá sọ ìjà Ore bíi pé Yorùbá kojú Ìgbò ni, tí ò sì dárúkọ Bánjọ, ẹ fura sí i.

Ọdún tí wọ́n tẹ ìwé, kíákíá ni màá sọ èyí: ẹ má wo ọdún tó wà níwájú, inú ni kẹ́ ẹ ṣí, torí àtúntẹ̀ pọ̀. The Biafra Story tí Frederick Forsyth kọ, 1969 ló kọ́kọ́ jáde, ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀yìn Biafra ni òǹkọ̀wé sì wà. Ẹ lè fi mọ bí ariwo ṣe dé ìlú òyìnbó, ẹ má fi wá bí ogun ṣe parí.

Iye òkú ńkọ́? Ìwé tó bá gbé nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀ láì sọ ibi tó ti rí i, kò dá mi lójú. Àwọn kan ń ka 500,000, àwọn kan ń ka mílíọ̀nù mẹ́ta, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe ìbọn. Ẹni tó bá ka ogun yìí láti ìjà dé ìjà, tí kò ka bí wọ́n ṣe dí ọ̀nà oúnjẹ, ìdajì ló kà.

Ìdánwò méjì ni mo máa ń fún ìwé kí n tó sanwó. Mo máa ń lọ sẹ́yìn, níbi tí wọ́n to orúkọ ìlú àtèèyàn sí, mo máa ń wá Owerri. Nàìjíríà gbà á ní oṣù kẹsàn-án 1968, Biafra rọ̀gbà yí wọn ká níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó gbà á padà ní oṣù kẹrin 1969, oṣù yẹn náà ni Umuahia sì bọ́ lọ́wọ́ Biafra, Nàìjíríà tún wá gba Owerri ní oṣù kìíní 1970 nígbà tí ogun ń kásẹ̀ nílẹ̀. Tí ìwé bá kàn ní "Owerri ṣubú", tó sì kọjá lọ, ẹ bi í pé èwo nínú ẹ̀. Ìkejì ni Asaba, kì í ṣe ibi tí Murtala fẹ́ ti sọdá, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìlú yẹn ní oṣù kẹwàá 1967: àwọn ará ìlú wọ aṣọ funfun, wọ́n jó jáde láti kí ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀, wọ́n ń kọrin "One Nigeria", àwọn ṣọ́jà ya ọkùnrin àti ọmọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n.

Àwọn tó ń tàwé ò fẹ́ràn ìdánwò yìí o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ti ọ̀kan nínú wọn, ìwé gidi ni mo ṣí, máàpù pé, Owerri wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ kà á tán síbí?" Mo ní kó jọ̀ọ́ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì, mi ò tíì rí Asaba.