Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tí Yìnyín Ayé Àtijọ́ Yọ́ Láti Inú Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Òkun

Ní ọdún 1988, Hartmut Heinrich, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jámánì, gbé ìwádìí jáde lórí ẹrẹ̀ tí wọ́n fà yọ láti ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì, níhà àríwá ìlà-oòrùn. Òkúta wẹ́wẹ́ ló bá nínú ẹrẹ̀ náà, ìpele kan lókè òmíràn, ní àárín agbami tó jìnnà sí ilẹ̀ gan-an. Kò sí odò tó lè gbé òkúta débẹ̀, atẹ́gùn ò sì lè fẹ́ ẹ débẹ̀. Yìnyín ló gbé e. Bí òkìtì yìnyín bá ya kúrò létí ilẹ̀, tó bọ́ sójú òkun, á máa gbé òkúta àti iyanrìn tó ti há sí i lára lọ. Bó ṣe ń yọ́ lọ́nà ni ẹrù yẹn ń já bọ́ sísàlẹ̀. "Ìṣẹ̀lẹ̀ Heinrich" ni wọ́n ń pe àwọn àsìkò náà títí dòní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà rèé. Bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ, ẹ máa rí i pé kò sí ẹ̀rí kan tó dá tó nínú gbogbo rẹ̀. Òkúta nìkan lè ṣini lọ́nà, ọ́síjìn nìkan náà lè ṣini lọ́nà. Ìgbà tí ohùn wọn bá ṣọ̀kan lèèyàn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yìnyín yọ́.

Kọ́kọ́ yan ibi tí ẹrẹ̀ ti ń rọra balẹ̀

Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ lábẹ́ omi kò dáa, torí ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń ya lulẹ̀, tuntun àti àtijọ́ á sì dàpọ̀. Ibi tó jìn jù náà kò dáa, nítorí omi ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún máa ń jẹ ìkarahun àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tán pátápátá. Orí òkè abẹ́ omi dára. Láàárín agbami, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ péré ni ẹrẹ̀ fi ń ga sí i ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan, nítorí náà, mítà kan péré lè kó ìtàn ọdún 20,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú.

Fà á yọ láìdà á rú

Páìpù irin gígùn ni wọ́n ń lò, páìpù rọ́bà wà nínú rẹ̀, ẹrù wúwo sì wà lórí rẹ̀ tó máa tì í wọlẹ̀. Ọkọ̀ òkun JOIDES Resolution, tó ṣe iṣẹ́ yìí láti 1985 títí di 2024, lè fa nǹkan bíi mítà 9.5 yọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀pá ẹrẹ̀ náà bá ti dé orí ọkọ̀, wọ́n á gé e sí mítà kan ààbọ̀, mítà kan ààbọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ sàmì sí apá tó jẹ́ òkè, torí bí òkè bá di ìsàlẹ̀, ìtàn ọ̀hún ti dojú rú nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á là á sí méjì lóròòró. Ìdajì kan wà fún iṣẹ́, èkejì ni wọ́n á tọ́jú. Inú iyàrá tútù ní Bremen ní Jámánì, ní College Station ní Amẹ́ríkà àti ní Kochi ní Japan ni wọ́n ń kó irú wọn pa mọ́ sí, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tí wọ́n máa fi yẹ iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wò.

Fọ̀ ọ́, kí o sì kà á

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Wọ́n á bu ẹrẹ̀ díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì síra, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wá fi omi fọ̀ ọ́ lórí ajọ̀ tí ihò rẹ̀ kò ju ìdá 63 nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan lọ. Amọ̀ á bá omi lọ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù kò ju ìyẹ̀fun fẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ lójú lásán, àmọ́ lábẹ́ màíkírósíkópù, ẹ máa rí i pé ìkarahun funfun ló pọ̀ nínú rẹ̀, yàrá róbótó-róbótó tó so mọ́ra. Ìkarahun foraminifera nìyẹn, ẹ̀dá inú òkun tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ni wọ́n fi ń ṣà wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Ohun méjì ni wọ́n ń kà. Àkọ́kọ́ ni iye hóró òkúta sí iye ìkarahun: nínú ìpele Heinrich, òkúta á pọ̀ bàǹtà-banta, ìkarahun á sì di ọ̀wọ́n. Èkejì ni irú foraminifera tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Neogloboquadrina pachyderma, èyí tí ìkarahun rẹ̀ lọ́ sápá òsì fẹ́ràn omi tútù ìhà àríwá pátápátá. Bó bá jẹ́ òun ló kún inú àwo, ojú òkun tutù nígbà náà.

Ẹ má ṣe fojú fo irú òkúta tó wà níbẹ̀ o. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ìpele Heinrich, òkúta tó jọ irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kán ásíìdì sí i, á hó. Irú òkúta yìí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè Hudson ní Kánádà, àwọn ìpele náà sì nípọn ní tòsí Kánádà, wọ́n ń tín-ín-rín bí èèyàn bá ṣe ń lọ sápá Yúróòpù. Ibi tí ẹrù náà ti gbéra hàn gbangba.

Wọn ọ́síjìn inú ìkarahun

Ọ́síjìn tó fúyẹ́ wà (16), èyí tó wúwo náà wà (18). Omi tó ní èyí tó fúyẹ́ ló ń tètè gbẹ lọ sójú ọ̀run, òun ló sì ń di yìnyín lórí ilẹ̀. Nígbà tí yìnyín pọ̀, ọ́síjìn wúwo ló pọ̀ lókun. Bí yìnyín bá yọ́, èyí tó fúyẹ́ á padà wálé. Foraminifera ń fi ọ́síjìn omi tó yí i ká mọ ìkarahun rẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ooru náà ń dín ọ́síjìn wúwo kù nínú ìkarahun. Ní 1955, Cesare Emiliani ka púpọ̀ jù nínú àyípadà náà sí ooru àti òtútù; ní 1967 ni Nicholas Shackleton fi hàn pé yìnyín orí ilẹ̀ ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹ padà sórí ohun tí ẹ kà lábẹ́ màíkírósíkópù. Bí ọ́síjìn bá fúyẹ́ lójijì nínú ìpele tó jẹ́ pé ẹ̀dá omi tútù ló kún ibẹ̀, ooru kọ́ ló fà á. Omi yìnyín tó yọ́ ló bo ojú òkun.

Mọ ọjọ́ orí rẹ̀

Kábọ̀nù 14 inú ìkarahun ni wọ́n ń lò, irú kábọ̀nù kan tó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Kò ṣiṣẹ́ kọjá nǹkan bí ọdún 50,000. Ẹ̀dá òkun sì máa ń dàgbà lórí ìwé ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ní nǹkan bí ọdún 400, torí pé kábọ̀nù inú omi òkun ti pẹ́ níbẹ̀, nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò. Àwọn aràn tún máa ń tú orí ẹrẹ̀, tí tuntun àti àtijọ́ á fi dàpọ̀ díẹ̀. Nípa báyìí ni wọ́n fi mọ̀ pé ìpele Heinrich kìíní wáyé ní nǹkan bí ọdún 16,000 sí 17,000 sẹ́yìn, èkejì sì ní nǹkan bí ọdún 24,000 sẹ́yìn.

Gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ẹrẹ̀ ibòmíràn

Ẹrẹ̀ tí wọ́n fà yọ lẹ́bàá Bermuda fi hàn pé ìṣàn omi ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátá nígbà ìpele kìíní yẹn. Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n wà ní Gulf of Guinea, lẹ́bàá Kamẹrúùnù. Omi odò máa ń kó èròjà báríọ́ọ̀mù wọ òkun, foraminifera sì ń gbà á sára. Bí báríọ́ọ̀mù bá dín kù, omi Odò Ọya àti ti Odò Sanaga ní Kamẹrúùnù ló dín kù, ìyẹn ni pé òjò ò rọ̀ tó. Ó dín kù nígbà tí yìnyín ìhà àríwá ń ya sókun. Yìnyín Kánádà àti òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lórí okùn kan náà, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú ẹrẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lè wọ PANGAEA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn olùwádìí ń gbé èsì ìwọ̀n wọn sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú tábìlì ọ̀pá ẹrẹ̀ kan láti àríwá Àtìláńtíìkì, ẹ ya iye òkúta àti ọ́síjìn sórí ìwé kan náà. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí nọ́ńbà ọ́síjìn kọjú sí, torí ọ̀pọ̀ ló ń dorí rẹ̀ kodò kí ìgbà ooru lè wà lókè.